Bí àyà kò bá já mọ́, ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ti parí nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún 68 ni mí, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo sì ń gbé. Ó ti lé ní ọdún 12 tí mo ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́dún tó kọjá, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já ṣáá, á máa lù kì-kì-kì bí ti ẹni tí wọ́n lé, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ECG, ẹ̀rọ tó ń kọ ìlù ọkàn sórí ìwé, yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ọkàn mi kò lù déédéé mọ́. Oògùn méjì ni wọ́n kọ fún mi, bisoprolol àti apixaban, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Oṣù mẹ́ta rèé tí àyà mi kò já mọ́ rárá, apixaban yìí sì wọ́n gan-an. Aládùúgbò mi kan ní kí n fi aspirin rọ́pò rẹ̀, pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ mi tó wà ní London ní lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ńṣe ni wọ́n máa ń jó ibi tó ń dààmú nínú ọkàn, tí ọ̀rọ̀ á sì parí. Ó tún fẹ́ ra aago tó ń ṣọ́ ọkàn ránṣẹ́ sí mi. Ṣé ìwádìí kò tíì mú oògùn tó lè wo èyí sàn pátápátá jáde ni? Níwọ̀n ìgbà tí àyà mi sì ti balẹ̀, kí ni mo tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ fún?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, Màmá. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ni kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá apixaban yẹn dúró. Bí ẹ bá ti dá a dúró kí ìdáhùn yìí tó kàn yín lára, ẹ pe dókítà tó kọ ọ́ fún yín lónìí olónìí. Àyà tó ń já kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́ fún yín.

Èdè wa gan-an wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà lórí àìsàn yìí. "Àyà mi já" ni à ń sọ nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, òun náà ni à ń sọ nígbà tí ọkàn bá ń lù ségesège. Bí ìyá kan bá wá ní àyà òun ń já, àwọn tó wà nítòsí á ní kó yé ronú, kó máa gbàdúrà. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún fún ọdún méjì gbáko kí ẹnikẹ́ni tó fi ìka kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Lọ́nà kan náà, bí ẹ̀rù bá ti lọ, a ní àyà ti balẹ̀, a sì gbà pé ewu ti kọjá. Lórí ẹ̀rù, òótọ́ ni. Lórí ọkàn tí ìlù rẹ̀ dàrú, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àyà lè balẹ̀ wọ̀ọ̀ kí ìlù ọkàn ṣì wà nínú ìdàrúdàpọ̀ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Yàrá mẹ́rin ni ọkàn ní, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Nínú yàrá òkè apá ọ̀tún ni ẹran kékeré kan wà tó ń tan iná mànàmáná tí kò tó nǹkan, ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́. Òun ni ìyáàlù. Bó bá ti sọ̀rọ̀, àwọn yàrá òkè á fún pọ̀, àwọn ti ìsàlẹ̀ á gbà á lẹ́nu wọn. Nínú irú èyí tó ń ṣe yín, tí wọ́n ń pè ní atrial fibrillation, àwọn omele ti já ìlù gbà. Iná ń ṣẹ́ láti ibi púpọ̀ nínú yàrá òkè, ó ń lé ní ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ẹran tó lè fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbígbọ̀n ló kàn ń gbọ̀n. Ẹnubodè kan wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí gbogbo iná yẹn kọjá. Díẹ̀ tó bá ráyè yọ́ kọjá ni ẹ ń gbọ́ láyà bíi kì-kì-kì tí kò létò.

Bí mo bá gbé ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọkàn lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyà, mo máa ń yí ojú ẹ̀rọ sí i pé kó wò ó. Yàrá òkè tó yẹ kó máa pa dé kó máa ṣí, wárìrì ló ń wárìrì bí omi inú agbada tí ọkọ̀ àjàgbé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Lára yàrá òkè apá òsì ni àpò kékeré kan wà tó rí bí etí. Nígbà tí yàrá bá ń fún pọ̀ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú àpò náà, ó sì ń jáde. Nígbà tó bá ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ́ra níbẹ̀, nígbà míì a máa rí i tó ń yí po lójú ẹ̀rọ bí èéfín. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró sójú kan a máa dì. Bí èyí tó dì bá já, ó di inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀ lé ìlera àwọn ará ìlú Framingham, ní Massachusetts, ló kọ́kọ́ fi hàn kedere pé ìlù ọkàn tó dàrú báyìí ń sọ ewu rọpárọsẹ̀ di nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún.

Ẹ wá wo oògùn méjèèjì yín. Bisoprolol ló mú àyà yín balẹ̀. Ẹnubodè yẹn ló fà tì díẹ̀, tí iná tó ń kọjá fi dín kù, tí ìlù fi rọra. Kò bá àpò sọ nǹkankan. Apixaban ní tirẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ìlù, inú àpò yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ kò lè fi ìsinmi tí bisoprolol fún yín díwọ̀n bóyá apixaban ṣì wúlò. Ọkùnrin kan tí mo tọ́jú rí, awakọ̀ akérò ni, dá oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó fẹ́ gbé kọ́ọ̀bù tíì láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún kò gbé e. Nígbà tí mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú lọ́jọ́ yẹn, 72 ni ìlù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Kò yára rárá. Ṣùgbọ́n kò sí méjì tó tẹ̀ léra wọn tí àlàfo wọn dọ́gba.

Ẹ bèèrè bóyá ìwádìí kò tíì rí oògùn tó lè wo èyí sàn pátápátá. Wọ́n ti ń wá a láti ayébáyé, ọwọ́ aláìsàn sì ni èyí àkọ́kọ́ ti jáde. Ní 1912, oníṣòwò kan tọ Karel Wenckebach, dókítà ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, lọ, ó ní ìlù ọkàn òun máa ń dàrú, ṣùgbọ́n òun mọ bí òun ṣe ń dá a padà. Dókítà ní irọ́ ni. Ọkùnrin náà ṣèlérí pé òun á dé láàárọ̀ ọ̀la pẹ̀lú ìlù tó tò, ó sì mú un ṣẹ. Kuiníìnì ló lò, kuiníìnì kan náà tí àwọn òbí wa mọ̀ mọ́ ibà. Ní 1918, Walter Frey ní Jámánì rí i pé quinidine, tó wá láti ara èèpo igi kan náà, lágbára jù ú lọ. Láti ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lé ni oògùn tí yóò pa ariwo ọkàn lẹ́nu mọ́. A gbà pé bí ariwo bá ti dákẹ́, ikú náà ti jìnnà.

Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ló já wa ní tànmọ́ọ̀. CAST ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn ti dí rí, tí apá kan ẹran ọkàn wọn sì ti kú, ni wọ́n kó jọ. Ìlù àfikún máa ń já láti yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn irú wọn, a sì ti mọ̀ pé ẹni tí èyí bá pọ̀ lára rẹ̀ kì í sábà pẹ́ láyé. Oògùn méjì wà tó ń pa ìlù àfikún yìí rẹ́ pátá, encainide àti flecainide. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín àwọn ènìyàn sí méjì: apá kan lo oògùn tòótọ́, apá kejì lo èyí tí kò ní nǹkankan nínú. Lójú ECG, àwọn tó ń lo oògùn tòótọ́ dára ju ìyókù lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka òkú, 63 ló ti kú nínú 755 tó lo oògùn, 26 ló kú nínú 743 tí kò lò ó. Wọ́n ti dá lílo oògùn méjèèjì yìí dúró nínú ìwádìí náà láti 1989, èsì kíkún sì jáde ní 1991. Mo ti mọ iye yìí sórí láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́, ó ṣì ń dùn mí bí mo bá kọ ọ́, torí pé àwọn dókítà tó kọ oògùn náà fún wọn kò ní ète búburú kankan. Ohun tí aláìsàn ń gbọ́ láyà àti ohun tó hàn lórí ìwé ECG ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. (Àìsàn tiyín kọ́ nìyẹn o. Flecainide ṣì wúlò lónìí fún irú tiyín bí ẹran ọkàn kò bá bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù orúkọ rẹ̀ bà yín bí dókítà bá dá a lábàá.)

Lẹ́yìn CAST ni wọ́n wá bi ìbéèrè kan náà nípa irú tiyín. Èsì ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní AFFIRM jáde ní 2002, ènìyàn 4,060 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi oògùn dá ìlù ọkàn àwọn kan padà sípò, wọ́n jẹ́ kí ti àwọn yòókù dàrú ṣùgbọ́n wọ́n dín eré rẹ̀ kù bí bisoprolol ṣe ń ṣe fún yín. Àwọn tí wọ́n dá ìlù wọn padà kò pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Ibì kan wà nínú ìwádìí yẹn tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé. Nígbà tí ìlù bá ti tò dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n gbà kí dókítà dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró. Ó bọ́gbọ́n mu lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, ní ìhà méjèèjì, púpọ̀ wọn ló jẹ́ àwọn tó ti dá oògùn náà dúró tàbí tí èyí tí wọ́n ń lò kò tó. Ibi tí ẹ dúró sí lónìí gan-an nìyẹn, Màmá. Àwọn ẹlòmíì ti bá yín gba ọ̀nà yẹn kọjá, a sì ti rí ibi tó já sí.

N kò ní sọ fún yín pé kí ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ dídá ìlù padà sípò, torí pé ìwádìí tún yí ojú padà ní 2020. Nínú EAST-AFNET 4, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Yúróòpù, ènìyàn 2,789 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ní àìsàn yìí, tí kò tíì ju ọdún kan lọ, ni wọ́n pín sí méjì. Àwọn tí wọ́n tètè dá ìlù wọn padà, yálà pẹ̀lú oògùn tàbí pẹ̀lú jíjó, ni ikú láti ọwọ́ ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti irú wàhálà bẹ́ẹ̀ dín kù lọ́dọ̀ wọn: nǹkan bí 3.9 nínú ènìyàn 100 lọ́dún, ti àwọn yòókù jẹ́ 5.0. Kíyá tí wọ́n yá ló ṣe ìyàtọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n rí tiyín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín nígbà tí ẹ bá tún lọ pé, "Ṣé kò yẹ kí a gbìyànjú àtidá ìlù ọkàn mi padà kó tó pẹ́ jù?" Ìbéèrè tó dáa ni, kò sí dókítà gidi tó máa bínú sí i.

Jíjó tí ọmọ yín sọ, òótọ́ ni, mo sì gbà pé ó wà lára iṣẹ́ tó wú mi lórí jù nínú ìmọ̀ ọkàn. Títí di 1998, a kò mọ ibi tí iná yẹn ti ń ṣẹ́. Michel Haïssaguerre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ọkàn ènìyàn 45, wọ́n ń tọ́ iná náà bí ẹni ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ibi 69 ni wọ́n rí tó ti ń ṣẹ́, 65 nínú rẹ̀ kò sì sí nínú yàrá ọkàn gan-an. Inú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n wà. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gba iṣan tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn wọlé, wọ́n á dé yàrá òkè apá òsì, wọ́n á fi ooru jó ẹran yí ẹnu àwọn iṣan yẹn po tàbí kí wọ́n fi òtútù mú un gan, kí iná má lè rí ọ̀nà kọjá. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà oúnjẹ kọjá lẹ́yìn ibẹ̀ gẹ́lẹ́, ooru sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn sí ọ̀nà tuntun tí ìwádìí ADVENT gbé yẹ̀ wò ní 2023, níbi tí wọ́n ti ń fi iná mànàmáná tó ń ṣẹ́jú pá-pá-pá lu ẹran ọkàn dípò ooru. Ó ń pa ẹran ọkàn, ó sì ń sábà dá ohun tó wà nítòsí sí. Ó ṣiṣẹ́ tó ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n "ọ̀rọ̀ á sì parí" yẹn ni kí ọmọ yín rọra sọ. Ìlù lè tún dàrú lẹ́yìn oṣù mélòó kan tàbí ọdún mélòó kan, ẹlòmíì sì ní láti padà lọ jó o lẹ́ẹ̀kejì. Ní ti oògùn ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn jíjó, ìwádìí kan ní Kòríà tó jáde ní 2025, ALONE-AF, wo ènìyàn 840 tí wọ́n ti jó ọkàn wọn, tí ìlù wọn kò sì tíì dàrú padà fún ọdún kan ó kéré tán. Àwọn tó dá oògùn dúró nínú wọn kò rí ìyà ju àwọn tó ń lò ó lọ, ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ dà lára wọn dín. Ìròyìn ayọ̀ ni fún irú wọn. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ìlù wọn fún odidi ọdún kan kí wọ́n tó ní kí wọ́n dá a dúró, kì í ṣe pé àyà wọn balẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kò pọ̀, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ó ń ká mi lára pé nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí ńláńlá yìí, ènìyàn dúdú kò tó nǹkan. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí i léraléra pé àìsàn yìí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú tó bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ lára wa jù wọ́n lọ. Apá kan rẹ̀ lè jẹ́ pé a kì í tètè rí tiwa. Bí ó bá wá mú wa, rọpárọsẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e pọ̀ jù. Àfi ìwádìí kan tí inú mi dùn sí torí pé àárín irú wa ni wọ́n ti ṣe é: INVICTUS, 2022, ènìyàn tó lé ní 4,500 ní orílẹ̀-èdè 24 ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà. Àwọn tí fáàfù ọkàn wọn bàjẹ́ ni wọ́n kó jọ, irú èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú nígbà èwe. Ọ̀pọ̀ ń retí pé oògùn tuntun, rivaroxaban, ni yóò borí. Warfarin àtijọ́ ló borí, àwọn tó lò ó ni kò kú tó àwọn yòókù. Bí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí bá ní fáàfù ọkàn tó ti fún nítorí àìsàn yẹn, tàbí tí wọ́n fi fáàfù onírin sí lọ́kàn, warfarin ni tirẹ̀, kó má gba apixaban lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Warfarin yìí náà ni mo fẹ́ kí ẹ bá dókítà yín sọ bí owó apixaban bá ti di ohun tí agbára yín kò ká mọ́. Inú koríko ni wọ́n ti rí i. Ní àwọn ọdún 1920, màlúù ń kú ní Àríwá Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ koríko tó ti bu, ẹ̀jẹ̀ á máa dà lára wọn láìdúró. Ní 1933, àgbẹ̀ kan la yìnyín já, ó gbé korobá ẹ̀jẹ̀ tí kò dì lọ fún Karl Paul Link ní Yunifásítì Wisconsin. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi warfarin pa eku, láti 1954 ni wọ́n ti ń fi wo ènìyàn. Kò wọ́n tó apixaban, ṣùgbọ́n ó ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní INR lóòrèkóòrè, ó sì ń bá oúnjẹ jà: bí ẹ bá ń jẹ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ fún oṣù kan kí ẹ tún wá rọ́ ọ mọ́nú lọ́jọ́ kan. Pẹ̀lú èyíkéyìí nínú wọn, ẹ jìnnà sí àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ikùn. Ìgbẹ́ tó bá dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn ni.

Aspirin ńkọ́? Aládùúgbò yín fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ó ṣì wí. Ní 2011, ìwádìí AVERROES fi apixaban àti aspirin kojú ara wọn láàárín ènìyàn 5,599 tó ní àìsàn yín gẹ́lẹ́. Rọpárọsẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó lo apixaban kò tó ìdajì ti àwọn tó lo aspirin, ẹ̀jẹ̀ tó dà lára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọ́n tètè dá ìwádìí náà dúró nítorí pé ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn jù. Ẹni tó bá fi aspirin rọ́pò apixaban ru ewu ẹ̀jẹ̀ dídà, kò sì gba ààbò. Ohun kan náà ni mo máa sọ fún ẹni tó ń lo apixaban lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mejì kí páálí rẹ̀ lè pẹ́. Kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, agbára rẹ̀ ti ń tán lọ.

Ẹ kò béèrè bí ẹ ṣe lè dá àìsàn náà dúró kó má burú sí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un, torí níbẹ̀ ni ọwọ́ yín wà jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nínú ìwádìí SPRINT ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀ sí abẹ́ 120 ní nọ́ńbà òkè kò ní ìlù ọkàn tó dàrú tó àwọn tí wọ́n fi tiwọn sí abẹ́ 140. Ó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Nílé wa níbí, ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti UCH Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀, fi ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ní Nàìjíríà àti Gánà wé àwọn tí kò kọ lù. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ta gbogbo ìyókù yọ pátápátá. Bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ lórí tábìlì wà nínú rẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ náà wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé ike iyọ̀ kúrò lórí tábìlì yín.

Sísanra náà ń dá sí i: ní Adelaide, ní Ọsirélíà, àwọn tó ní àìsàn yìí tí wọ́n sanra, tí wọ́n sì sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n wọn nù láìjẹ́ kó padà, ni ìlù ọkàn wọn tò jù. Ọtí náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń hanrun lójú oorun, tí èémí ń dá dúró, ẹ sọ fún dókítà.

Ohun kan tún kù tí lẹ́tà yín kò mẹ́nu bà. Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ẹran ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, èyí tó bá wú tí a ń pè ní gẹ̀gẹ̀? Ó lè máa ṣiṣẹ́ lódì láìjẹ́ pé ọrùn wú, òun nìkan sì tó láti da ìlù ọkàn rú. Àyẹ̀wò kékeré ni, ó sì ṣeé wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì wo kíndìnrín yín pọ̀ mọ́ ọn, torí ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n apixaban tó tọ́ sí yín.

Ó wá ku aago. Aago yìí dára fún ẹni tí kò tíì mọ̀. Nígbà tí Yunifásítì Stanford fi aago Apple ṣọ́ ènìyàn 419,297, kò pé ẹyọ kan nínú 100 tí aago ta lólobó. Ní Dẹ́ńmáàkì, nínú ìwádìí LOOP tó jáde ní 2021, wọ́n tiẹ̀ fi ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ awọ àyà àwọn àgbàlagbà kan láti máa ṣọ́ ọkàn wọn tọ̀sán-tòru. Wọ́n rí ìlù tó dàrú lára wọn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí wọ́n kò fi í sí lára, síbẹ̀ rọpárọsẹ̀ kò dín kù tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀yin ti mọ ohun tó ń ṣe yín. Ìka méjì yín tó: ẹ fi wọ́n sí ọrùn ọwọ́ ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò láàárọ̀, ẹ kà á fún odidi ìṣẹ́jú kan, ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, ẹ kọ bóyá ó tò tàbí kò tò, ẹ mú ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan bá kú tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀, láì dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ẹ bá mi kí ọmọ yín ní London. Ẹ ní kó má ra aago yẹn mọ́, kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ fi ra apixaban.